Ẹ̀jẹ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù Nínú Fíríìjì

                                        Búlọ́ọ̀kù 214, Fúláàtì Kẹta,
                                        Jakande Estate, Ìlasàn,
                                        Lẹ́kkí, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Bọ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ju iyèkan lọ,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Akínwùmí ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ òfì ń lọ déédéé, ṣé ìdí tó ń dùn ún nítorí àjókòópẹ́ ti fún un ní ìsinmi? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá gbogbo àdúgbò jà nítorí ewúrẹ́ wọn? Bá mi kí wọn, kí o sì kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa o, má wulẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí o máa pariwo pé Jùmọ̀kẹ́ ní kí n kí yín. Mo mọ ìwà ẹ. Níbí, òjò ò fẹ́ dá, omi ò sì rí ibi gbà lọ, bàtà rọ́bà la fi ń rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù.

Ara tèmi le, a dúpẹ́. Bàbá Tolú náà wà, ó kàn wà ṣá ni. Tolúwani ti kúrò ní ọsibítù, ó ti padà sílé, ó ń jẹun, ó sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jiyàn bíi lọ́yà. O rí i pé ìròyìn ayọ̀ ni mo fi ṣáájú. Ṣùgbọ́n mi ò láyọ̀, Bọ́sẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu mi. Níjẹta, mo gé aṣọ oníbàárà mi kan, ìgbà tí mo fẹ́ rán an ni mo tó rí i pé apá òsì méjì ni mo gé fún un.

O pè mí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mi ò gbé e. O tún pè, mo gbé e, mo ní mo wà nídìí ẹ̀rọ, màá pè ẹ́ padà. Irọ́ ni. Ẹkún ni mò ń sun. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ lórí fóònù, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, wàá ní kí n má sunkún mọ́, wàá ní Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ á sì kú sí mi lẹ́nu. Nínú ìwé, o ò lè já lu ọ̀rọ̀ mi. Torí náà, fa àpótí kan, jókòó, kí o kà á tán.

Ìwọ náà ṣáà mọ ọ̀rọ̀ Tolúwani láti kékeré. Fòníkú-fọ̀ladìde kì í ṣe àìsàn tí èèyàn ń bá mulẹ̀. Ọmọ á jí, á ṣeré, kó tó di ọ̀sán ẹsẹ̀ á ti máa dùn ún, èémí rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, dókítà á wò ó, á ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kí a tètè wá ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ O ni tirẹ̀. A ni tèmi, B ni ti bàbá rẹ̀. Wo ayé bí, àwa tí a bí i, ẹ̀jẹ̀ wa ò bá a mu. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé àwa á fún ọsibítù ní tiwa, àwọn á sì mú ti ẹlòmíràn tó bá a mu fún un. Ẹlòmíràn yẹn, tí mi ò mọ̀, tí kò mọ̀ mí, ẹ̀mí ọmọ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bọ̀ láti ọdún pípẹ́ wá.

Àwọn ẹbí náà ò fi wá sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fún wọn lẹ́jẹ̀, àbúrò Bàbá Tolú fún wọn, ìyá ìjọ wa kan fún wọn. Wọ́n fún un títí ó fi sú wọn. Ó di pé bí wọ́n bá rí nọ́ńbà mi lórí fóònù, wọn ò ní gbé e. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tí a ń tọrọ ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, bó bá sá, ó tó bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Ọlákẹ́mi ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Àwọn ni olórí iyàrá tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí ní ọsibítù tí a ń lọ lápá Ajah níbí. Wọ́n ní Ìyá Tolú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó ń wá fún àwọn lẹ́jẹ̀, ìgbà tí èèyàn rẹ̀ bá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń sáré bọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò dáadáa bóyá àrùn kankan wà nínú rẹ̀ kí àwọn tó lè fà á sí ẹlòmíràn lára, ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ni aláìsàn ń kú sí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó ń gba èèyàn là ni èyí tó ti wà nínú fíríìjì kí àìsàn tó dé, èyí tí ẹnì kan wá fún wọn nígbà tí kò sí aláìsàn kankan nílé rẹ̀. Wọ́n wá ní bí mo bá lè bá àwọn kó èèyàn jọ ní Jakande, àwọn á gbé bẹ́ẹ̀dì àti nọ́ọ̀sì wá bá wa ní gbọ̀ngán ẹ́sítéètì lọ́jọ́ Sátidé kan.

Mo ní mo ti gbọ́. Mo tún dúpẹ́. O mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́, mo rò ó pé bóyá ìdí tí Ọlọ́run ṣe fún mi lẹ́nu gbọọrọ nìyí.

Mo kọ́kọ́ gbé e lọ sí ìpàdé àwa télọ̀. Bọ́sẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń bi mí. Wọ́n ní ta ni aláìsàn ọ̀hún? Mo ní kò sí aláìsàn, fíríìjì ni a fẹ́ kó o sí de ẹni tó bá máa nílò rẹ̀. Alága wa wò mí, wọ́n rọra fa apá wọn sábẹ́ ìborùn bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kò sí aláìsàn, ẹ sì ń gba ẹ̀jẹ̀. Kí lẹ wá fẹ́ lò ó fún?

Mi ò lè purọ́ fún ẹ, ọ̀rọ̀ wọn ò yà mí lẹ́nu púpọ̀. Láàrin wa, èèyàn lè fi ohunkóhun ta ará ilé rẹ̀ lọ́rẹ, ó lè bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ fún àna rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò dárúkọ ẹni tó máa gbà á, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Ẹnì kan ní àwọn olóògùn owó ló máa rà á. Òmíràn ní òkè òkun ni wọ́n ń gbé e lọ. Ìyá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá rọra bi mí létí pé kí ni wọ́n máa fún èmi nínú rẹ̀. Nígbà tí mo wá sọ fún wọn pé irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tèmi náà ń gbà, wọ́n ní ẹ̀n-ẹ́n, kí a dìde kí a gbàdúrà fún Tolúwani. Wọ́n sì gbà á kíkankíkan. Kò sẹ́ni tó wá lọ́jọ́ Sátidé nínú wọn.

Àwọn oníbàárà mi tó ń gbé inú ẹ́sítéètì onígéètì lọ́hùn-ún, àwọn lọ́yà àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì, mo kọ ọ́ sí wọn lórí Wásáàpù. Èmi tí mo kàwé mọ níwọ̀n, mo kọ ọ́ kó mọ́lẹ̀. Àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tó ń gbàdúrà ni wọ́n fi dá mi lóhùn, wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kún ojú fóònù. Ọ̀kan nínú wọn ní ó wu òun gan-an ni, ṣùgbọ́n òun ń fi oúnjẹ du ara òun kí òun lè tín-ín-rín. Ọ̀rọ̀ wá di ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ ò ṣeé ṣán oko.

Àáfà Ìsìmáílà, tó ń ṣíwájú ìrun ní mọ́sáláṣí ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù wa, ni mo rí tó dá mi lóhùn bí èèyàn. Mo lọ bá wọn bí mo tilẹ̀ jẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní sàráà ni, kò sì sí sàráà tó ju kí èèyàn fún ẹni tí kò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n sì ní àwọn fúnra wọn máa wá.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni Bàbá Tolú. Ìwọ náà mọ Fẹ́mi, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń gbọ́ mi bí mo ṣe ń ráhùn kiri ilé. Táìsì ló ń lẹ̀ ní sáìtì kan ní Lakowe, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé lẹ́yìn pápá àwọn olówó tó ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré yẹn. Ó bá àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́, àwọn bíríkìlà, káfíńtà, àwọn tó ń fa wáyà. Àwọn yẹn ò bi í pé ta ni aláìsàn. Wọ́n ní bí ìyàwó Fẹ́mi bá ti ní kí àwọn wá, àwọn ti dé. Shamsudeen ló kọ́kọ́ nawọ́. Páìpù omi ni iṣẹ́ tirẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í mutí, kì í mu sìgá. Ìyàwó rẹ̀ Rùkáyàt wà nínú oyún nígbà náà, èmi ni mo ń bá a tú ẹ̀gbẹ́ bùbá rẹ̀ bí ikùn ṣe ń tóbi sí i. Àwa méjèèjì máa ń rẹ́rìn-ín, màá ní bó bá tún wá lóṣù tó ń bọ̀, aṣọ àtíbàbà ni màá dà bò ó. Ọkàn mi wá balẹ̀. Bọ́sẹ̀, mo sùn.

Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀hún, Àǹtí Ọlákẹ́mi àtàwọn nọ́ọ̀sì ti dé láàárọ̀. Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n to bisikíìtì àti móòtì sórí tábìlì fún ẹni tó bá ti fún wọn lẹ́jẹ̀ tán. Àwọn ìyá àgbà ló kọ́kọ́ wọlé, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Àáfà Ìsìmáílà dé, wọ́n ká apá jálàbíà wọn sókè, wọ́n fún wọn lẹ́jẹ̀, wọ́n mu móòtì, wọ́n ṣàdúrà fún wa. Tíṣà kan náà wá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́nikẹ́ni mọ́. Mo jáde sí títì, mo ń bẹ àwọn tó ń kọjá lọ bí ẹni tó ń tọrọ báárà. Ojú Àǹtí Ọlákẹ́mi ń rẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, àwọn ará Lakowe ń bọ̀.

Wọ́n sì dé lóòótọ́. Bọ́ọ̀sì kún, orin ni wọ́n ń kọ bọ̀. Bọ́sẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n jó. Àwọn ọkùnrin abarapá, sìmẹ́ǹtì ò tíì tán léékánná wọn, wọ́n kún gbọ̀ngán náà bámú. Mo wò wọ́n, mo ní fíríìjì Àǹtí Ọlákẹ́mi máa kún lónìí, ọmọ mi máa rí ẹ̀jẹ̀ lò títí ọdún á fi parí. Nọ́ọ̀sì ní kí ẹni àkọ́kọ́ jókòó, ó bi í pé kí ló jẹ, kí ló mu láàárọ̀ yìí. Ọkùnrin náà lu àyà, ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, Ọ̀gá Fẹ́mi ti tọ́jú àwọn, àwọn ti mu paraga, ara ti le.

Ìgbà yẹn ni mo tó gbóòórùn rẹ̀.

O mọ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Kò sí bí èèyàn ṣe lè bẹ àwọn èèyàn lọ́wẹ̀ kó má fi nǹkan sí wọn lẹ́nu. Ẹni tó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun kọ́lé lásán gbọ́dọ̀ pèsè oúnjẹ àti ohun mímu, ká má tíì sọ ẹni tó ní kí wọ́n wá ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Tolú rò ó pé àwọn tó máa fún ni lẹ́jẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lágbára. Ló bá ní kí bọ́ọ̀sì dúró níwájú ìyá tó ń ta paraga ní ìkóríta Lakowe. Egbò àti èèpo igi nínú ògógóró. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ife lé wọn lọ́wọ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Shamsudeen nìkan ni kò mu ún, omi ló mu.

Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó bá ti mutí lọ́jọ́ náà, àwọn ò lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àǹtí Ọlákẹ́mi fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n wá sí ọsibítù lọ́jọ́ Ajé láìmu nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n ní egbòogi ni, kì í ṣe ọtí. Wọ́n ní ṣé ẹ̀jẹ̀ àwọn ni kò dára tó ni, ṣé torí àwọn jẹ́ òṣìṣẹ́ sáìtì. Inú bí wọn, wọ́n ń jáde níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti fi òwú tútù nu apá Shamsudeen nígbà náà. Ó rí i pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń lọ, òun náà dìde. Mo di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má bínú, òun ò lè jókòó síbi tí wọ́n ti lé àwọn tí òun bá wá. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì bá wọn lọ. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀ kalẹ̀, aṣọ funfun lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó sùn sí i.

Mo jà nílé lọ́jọ́ náà. Mo sọ òkò ọ̀rọ̀ sí Bàbá Tolú títí ohùn mi fi há. Nígbà tó yá ló ní, ṣé kí òun pe èèyàn wá ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí òun má fi nǹkan tutù wọ́n lọ́fun? Bó bá jẹ́ bàbá mi ni, ohun tí àwọn náà máa ṣe nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé, ó tún bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn fẹ́ da kọnkéré, kó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. O mọ bí ọ̀la ṣe máa ń rí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn Tolúwani tún dìde. A gbé e dé ọsibítù láàárọ̀, dókítà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó funfun bí ẹ̀fun, ó ní ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Mo tẹ̀lé Àǹtí Ọlákẹ́mi dé ẹnu ọ̀nà iyàrá wọn. Wọ́n ṣí fíríìjì, mo sì rí inú rẹ̀. Ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ O kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Wọ́n mú un. Nígbà tí wọ́n gbé e kọ́ sórí ọ̀pá, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí ọmọ mi lára, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, mò ń yin Ọlọ́run sókè ketekete, mò ń ṣàdúrà fún ẹni tó fún wa, ẹni yòówù kó jẹ́.

Mi ò tíì dìde tí mo fi gbọ́ ariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń ti obìnrin kan bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti rin ìró rẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí kan ní Lakowe ló ti bímọ, ọmọ bọ́ sílẹ̀ láyọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Mo wo ojú rẹ̀. Rùkáyàt ni. Shamsudeen ń sáré tẹ̀lé e, bàtà ìyàwó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ O ni òun náà. Bọ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ O tó jẹ́ pé bí o bá ju òkúta sáàrin ọjà, ẹlẹ́jẹ̀ O ló máa bà! Kò sí. Shamsudeen na apá rẹ̀ síwájú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tirẹ̀ ò bá tìyàwó rẹ̀ mu. Àǹtí Ọlákẹ́mi ń pe àwọn ọsibítù mìíràn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí ní tàwọn ti tán, èyí ní kí wọ́n rán ẹnì kan wá wò ó bóyá. Shamsudeen pe sáìtì. Wọ́n sọ irinṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn wọ ọkọ̀, wọ́n ń bọ̀. Wọn ò dúró níbì kankan, wọn ò mu nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n tó dé, Rùkáyàt ti lọ.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ tí mi ò lè sọ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ O, mo lọ dúró níwájú ọ̀pá tí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ Tolúwani kọ́ sí, mo sì fi ẹ̀yìn bò ó, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ wá já a gbà. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ọwọ́ ọmọ mi ń gbóná bọ̀ nínú ọwọ́ mi, mò ń gbọ́ igbe ọkọ Rùkáyàt lẹ́yìn ògiri. Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wá pa mí tán nìyí. Àwọn ará Lakowe dé, wọ́n bá òkú. Wọ́n dúró sí àgbàlá ọsibítù, wọ́n káwọ́ lórí. Àǹtí Ọlákẹ́mi jáde lọ bá wọn pẹ̀lú omijé. Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti wá ná, ẹ ò mutí, ẹ wá fún wa lẹ́jẹ̀ kí irú èyí má tún ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Àwọn ọkùnrin náà wò wọ́n bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ló fèsì.

"Ta ló fẹ́ gbà á, Màdáámù? Ẹni tí a wá fún ti lọ."

Wọ́n gbé òkú, wọ́n wọ ọkọ̀. Apá tí wọ́n gbé wá láti fi fún un lẹ́jẹ̀, òun náà ni wọ́n fi gbẹ́ sàréè fún un ní ìrọ̀lẹ́. Mo débẹ̀. Èrò pọ̀, Bọ́sẹ̀, èrò pọ̀. Àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ mi wá, àwọn ará ẹ́sítéètì wa wá, àwọn tí mi ò rí rí wá láti Ibeju. Mo wo gbogbo wọn, mo ní gbogbo ẹni tó dúró síbí yìí ni ẹ̀jẹ̀ kún ara rẹ̀. A mọ òkú sin dáadáa ní ilẹ̀ yìí.

A lọ kí Shamsudeen nígbà àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Bàbá Tolú ò fẹ́ lọ, ó ní ojú wo ni òun fẹ́ fi wò ó. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ paraga yẹn ti ṣẹlẹ̀ ni kò ti lè bá ẹnikẹ́ni jẹun pọ̀ ní sáìtì. Mo fà á lọ ni. A bá Shamsudeen lórí ẹní, ìyá rẹ̀ gbé ọmọ tuntun náà lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi ṣíbí fún un ní mílíìkì. A kí i kú ìrọ́jú, kú àfẹ́kù. Kò tíì dáhùn ìkíni wa tán tó fi bi mí pé ara Tolúwani ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun. Ẹkún gbé mi. Mo fẹ́ ní kó má bínú, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ní kó má bínú sí. Ó wo ilẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ má sunkún mọ́, Ìyá Tolú. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣáájú yín débẹ̀, èmi ni ǹ bá wá kí yín lónìí."

Kò fi bú mi. Bó bá fi bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Mi ò tún lè pe ẹnikẹ́ni jọ mọ́, Bọ́sẹ̀. Ẹnu mi tí mo gbójú lé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ku ìwọ tí mo lè bẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ máa ń bà ẹ́. Mo mọ̀ pé Ìsẹ́yìn tí ẹ wà jìn, ohun tí o bá fún wọn lọ́hùn-ún ò lè dé ọ̀dọ̀ Tolúwani láéláé. Lọ fún wọn bẹ́ẹ̀ náà. Mú Akínwùmí dání, kò gbọdọ̀ mu ẹmu lọ́jọ́ náà, kí ẹ jẹun dáadáa kí ẹ tó lọ. Bí wọ́n bá bi yín pé ta ni aláìsàn yín, ẹ ní kò sí. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí ẹ ò mọ̀, ọmọ rẹ̀ ṣì ń ṣeré lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ kí òun àti ẹlòmíràn máa sá eré ìje dé ẹnu ọ̀nà fíríìjì bí èmi àti Shamsudeen ti ṣe. Bóyá wàá lọ, bóyá o ò ní lọ. Mi ò ní bi ẹ́.

Bá mi kí Àǹtí wa tó ń ta aró, kí o bá mi fọwọ́ kan àwọn ọmọ lórí. Sọ fún Màmá pé mo ní kí wọ́n fi mí sínú àdúrà, kí wọ́n sì so ewúrẹ́ wọn mọ́lẹ̀.

Ibí yìí ni mo bá a dé lánàá tí oorun fi gbé mi. Láàárọ̀ yìí, Tolúwani jí, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kò sì jẹun. Bàbá rẹ̀ ti lọ pe ọkọ̀, mo kàn fẹ́ fi lẹ́tà yìí rán ẹni tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn kí a tó jáde ni. Mo pe Àǹtí Ọlákẹ́mi, mo bi wọ́n bóyá O wà nílẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ṣí fíríìjì, tí wọ́n tún tì í. Wọ́n wá ní kí n ṣáà máa gbé e bọ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní ẹlòmíràn bíi tìrẹ,

Jùmọ̀kẹ́, ìyá Tolúwani.